Géèjì Ìkòkò Kìíní

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Gbádégẹṣin, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ purọ́. Á bọ́ awò ojú rẹ̀, á fi etí ẹ̀wù nù ún, á ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹni tó kọ́ ọ lóhun tó ń sọ ló purọ́." Ó sọ ọ́ títí ó fi di ẹ̀fẹ̀ nílé-iṣẹ́ epo àgbọn tó wà lẹ́bàá Ajara, tí àwọn obìnrin tó ń fọ́ àgbọn lẹ́nu géètì fi ń sín in jẹ bó bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ara òun lòun ń sọ.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ hun òfì títí ojú fi di bàìbàì, ó sì búra pé ọmọ òun kan kò ní jókòó sídìí òfì. Bẹ́ẹ̀ ni Gbádégẹṣin ṣe dé pọlí Ìbàdàn, tó kọ́ iṣẹ́ géèjì àti wáyà. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, tí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ń gun ọ̀kadà, ó gbọ́ pé ìjọba ń wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ ní Àgbádárìgì. Ó kó ẹrù, ó mú Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, wọ́n gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ajara. Wọ́n bí ọmọ méjì síbẹ̀. Àwọn aráalé rẹ̀ nílé ń sọ pé ó ti rí ṣe, nítorí ẹni tó bá ń rí owó oṣù gbà nígbà yẹn, bó tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ọlọ́lá ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kórìíra níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ àgádágodo, ó ń jẹ páànù orí ilé, bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ géèjì tí Gbádégẹṣin ń tọ́jú. Ohun tó bá fi òróró pa lónìí, bó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, ó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nílé-iṣẹ́ náà ni Zinsu. Ọmọ Ègùn ni, ará Imeke, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, òun ló ń ṣọ́ àwọn ìkòkò irin ńlá méjì tí wọ́n fi ń fi ooru se àgbọn gbígbẹ kí wọ́n tó fún un lépo. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìkòkò. Á gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tẹ́tí, á ní, "Ó ti tó," kí abẹ́rẹ́ géèjì tó sọ bẹ́ẹ̀. Gbádégẹṣin kọ́kọ́ rò pé idán lásán ni. Lẹ́yìn ọdún kan, kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán pẹ̀lú bàbá náà, ó ń pè é ní Bàbá Dosi, bàbá náà ń pè é ní Enjiníà.

Ọdún tí àwọn ológun fagi lé ìbò ni kọ̀ǹpútà dé. Àwọn òyìnbó méjì ló kó o wá. Wọ́n so wáyà mọ́ gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí rògbòdìyàn bẹ̀rẹ̀ nígboro Èkó, tí wọ́n ń sun táyà lójú títì, wọ́n bá ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ, wọn ò padà wá. Ìwé ńlá kan ni wọ́n fi sílẹ̀. Gbádégẹṣin ń gbé e lọ sílé lálẹ́, ó ń gbé e bọ̀ láàárọ̀, títí ó fi kà á tán. Láti ìgbà náà lọ, òun nìkan ló mọ inú kọ̀ǹpútà yẹn, ó sì mọ̀ pé òun nìkan ni. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tí ìjọba kò kà sí, tó wá rí ohun kan tí kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe é, díẹ̀ díẹ̀ ni orí rẹ̀ á máa wú.

Nínú kọ̀ǹpútà náà, gbogbo nǹkan ló ní orúkọ, àwọn orúkọ náà sì wà nínú ara wọn bí yàrá ṣe wà nínú ilé, tí ilé wà nínú agboolé. Ilé-iṣẹ́ ni agboolé. Ìkòkò Kìíní àti Ìkòkò Kejì wà nínú rẹ̀, àwọn ni òbí. Lábẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà: géèjì tó ń wọn agbára ooru, fáàfù tó ń gba ooru wọlé, aago tó ń dún bí ewu bá dé. Ọmọ kì í dá iye tirẹ̀ ní. Bí géèjì bá fẹ́ mọ̀ bóyá ooru ti pọ̀ jù, á bojú wòkè, á bi òbí rẹ̀ léèrè pé mélòó ló lè gbà. Ìkòkò Kìíní ti gbó, irin rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ìdáhùn tirẹ̀ ni mẹ́rin. Ìkòkò Kejì ṣì lágbára, ó lè gba méje. Iye tí òbí bá dá ni fáàfù àti aago fi ń ṣiṣẹ́. Bí ooru bá dé ibẹ̀, fáàfù á pa ara rẹ̀ dé.

Nígbà tí Gbádégẹṣin ṣàlàyé èyí fún Zinsu lórí ẹ̀bà ọ̀sán, ó rò pé á ṣòro fún un. Zinsu nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ovi ń bi otọ́ léèrè," ó sọ ọ́ ní Ègùn, ọmọ ń bi bàbá. "Kí ló le níbẹ̀? Dosi mi ńkọ́? Orúkọ yẹn, òun kọ́ ló dá a jẹ́. Ìbejì ló ṣáájú rẹ̀, wọn ò dúró. Ẹni tó bá ti gbọ́ Dosi nílé wa, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá àti bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ náà."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Bàbá Dosi."

"Ó dáa. Bí ovi bá wá ṣìnà wọ ilé onílé ńkọ́?"

Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín. Ó ní kò lè ṣìnà, torí òun lòun ń tò wọ́n.

Ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà náà gbà, tí Gbádégẹṣin kò gbà. Èèyàn lè fi ọwọ́ kọ iye sára ọmọ, kó má bi òbí mọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Rewájú ṣe é nígbà kan, ó kọ iye sára fáàfù Ìkòkò Kejì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí iye òbí padà, ọmọ kò mọ̀, odindi ìkòkò àgbọn kan jóná. Gbádégẹṣin fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Ó wá fi bírò pupa kọ ọ́ sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ KỌ IYE SÁRA ỌMỌ. ÒBÍ NI KẸ́ Ẹ BI. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ òfin náà sórí. Àwọn kan ń fi í kí i láàárọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ náà ti ń mí gúlegúle. Mọ́tò Ìkòkò Kejì jóná, kò sí owó òkèèrè láti ra òmíràn, wọ́n sì pa á tì. Ìjọba ológun fi mejọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì jẹ ọ̀gá lé wọn lórí. Mejọ̀ kì í pariwo. Ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kun bàtà ní kọ́rídọ̀ láràárọ̀, bí èèyàn bá sì wá bá a sọ̀rọ̀, kò ní gbójú sókè títí bàtà á fi dán. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bi èèyàn pé ṣó o ti jẹun. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Sùnmọ́nù tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ bá a jiyàn lórí àwọn rólù wáyà kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin méjì tí kò wọ yunifọ́ọ̀mù wá mú un lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ kiri àgọ́ ọlọ́pàá, kò rí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kẹsàn-án, iyọ̀ jẹ géèjì Ìkòkò Kìíní kú. Kò sí òmíràn ní gbogbo Nàìjíríà. Gbádégẹṣin ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nígbà yẹn: ó tú géèjì ara Ìkòkò Kejì tó ti kú, ó sì dè é mọ́ Ìkòkò Kìíní. Irin mọ́ irin, wáyà mọ́ wáyà, ó bára mu. Inú kọ̀ǹpútà ni kò bára mu. Níbẹ̀, ọmọ Ìkòkò Kejì ni géèjì náà ṣì ń jẹ́. Ó ti kúrò nílé, kò kúrò lórúkọ. Bí ooru bá ń pọ̀ nínú Ìkòkò Kìíní, Ìkòkò Kejì ló ń lọ bi, Ìkòkò Kejì á sì dá a lóhùn pé méje, fáàfù àti aago náà á sì dúró de méje.

Gbádégẹṣin mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kó yé gbogbo èèyàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló mọ̀, ó sì lọ bá Mejọ̀ ní kọ́rídọ̀. Ó ní láti gbé géèjì náà sábẹ́ òbí tó ni ín, òun ní láti pa kọ̀ǹpútà, bí kọ̀ǹpútà bá sì kú, gbogbo ẹ̀rọ á dúró fún ìdajì ọjọ́.

"Àwọn àlejò wa ń bọ̀ láti Ìkẹjà ní Fráídè," Mejọ̀ sọ fún bàtà rẹ̀. "Wọ́n fẹ́ wá wo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ṣe é ní Sátidé."

"Sà, fáàfù ààbò tó yẹ kó máa tú ooru dànù lórí ìkòkò náà ti dógùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé pé ká ra òmíràn. Bí ooru bá pọ̀ jù, kò ní lè ṣí."

"Sátidé," Mejọ̀ ní.

Gbádégẹṣin padà sídìí ìkòkò, ó rò ó fún Zinsu. Bàbá náà wo ìkòkò, ó wo Enjiníà.

"Ṣebí o lè kọ mẹ́rin sí i lára? Kó máa lo mẹ́rin yẹn títí di Sátidé."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò ní pa kọ̀ǹpútà, kò ní bi Mejọ̀. Ṣùgbọ́n Rewájú wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án yẹn, lábẹ́ páálí tí wọ́n fi bírò pupa kọ, ojú ti Gbádégẹṣin. Ó rò ó pé bí òun bá fọwọ́ ara òun ṣe ohun tí òun tìtorí rẹ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́rọ̀ sóun lẹ́nu mọ́. Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí a bá ṣe ní ààbọ̀, ààbọ̀ ló máa ń dúró. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Èèyàn lè fi òótọ́ bo ìgbéraga mọ́lẹ̀ kó má hàn rárá.

"Bàbá Dosi, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀," ó sọ. "Ní Sátidé, màá tò ó bó ṣe yẹ. Géèjì kékeré tó wà nídìí ìkòkò yẹn, tí kò so mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi fojú ṣọ́ ọ. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kan mẹ́rin, kẹ́ ẹ fọwọ́ ti fáàfù ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni."

"Mo gbọ́," ni Zinsu wí. Ó gbé àpótí kékeré kan wá, ó jókòó síwájú ìkòkò náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Ó jókòó síbẹ̀ ní Túsìdeè. Ó jókòó síbẹ̀ ní Wẹ́sìdeè. Bí abẹ́rẹ́ bá kan mẹ́rin, á dìde, á yí ẹ̀yìn ìkòkò po, á ti fáàfù, á padà wá jókòó. Kò lọ jẹun ọ̀sán mọ́. Gbádégẹṣin gbé ẹ̀bà lọ bá a níbẹ̀, bàbá náà jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ojú rẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́. Ojú náà ti pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe Gbádégẹṣin, ó tiẹ̀ ronú kan mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Tọ́sìdeè, bí aago mẹ́wàá ṣe kọjá díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Ìkòkò Kìíní ya níbi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu géètì rò pé àrá sán. Nígbà tí Gbádégẹṣin fi dé ibẹ̀, ooru ti kún gbogbo ilé, àgbọn sísè wà lára ògiri, wọ́n sì ti wọ́ Zinsu síta. Awọ ara rẹ̀ ti ń bọ́ láti ọrùn títí dé ìbàdí. Wọ́n gbé e sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́, Gbádégẹṣin nìkan ló jókòó tì í. Aago kankan kò dún ní gbogbo àkókò yẹn. Ìkòkò Kejì ní kò tíì tó méje.

Zinsu ṣì ń sọ̀rọ̀. "Enjiníà, mi ò sùn," ó ní. "Abẹ́rẹ́ yẹn lẹ̀ mọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn ìkòkò, ohùn yẹn kì í ṣe ti mẹ́ta. Mo fọwọ́ gbá géèjì, abẹ́rẹ́ fò dé mẹ́fà. Mo ń sáré lọ tì í ni."

"Mo mọ̀, Bàbá Dosi. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mi ò sùn," ó tún wí. Wọn ò tíì dé ọsibítù nígbà tó dákẹ́.

Àwọn àlejò Ìkẹjà kò wá mọ́. Ní Sátidé, Gbádégẹṣin lọ sẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wéwèé. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ géèjì náà kúrò lábẹ́ Ìkòkò Kejì, ó gbé e sábẹ́ Ìkòkò Kìíní, ó tan kọ̀ǹpútà padà, ó sì bi í léèrè. Mẹ́rin, ó dáhùn. Ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ti fàya, kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tó ṣe é, kò lè sọ. Bóyá nítorí pé ó ti sọ pé Sátidé ni. Bóyá ẹ̀rù ló bà á.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Mejọ̀ pè é. Lọ́jọ́ yẹn, kò kun bàtà. Ìwé méjì wà lórí tábìlì rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde láàárọ̀ náà, tó fi hàn pé gbogbo ọmọ ló wà lábẹ́ òbí wọn.

"Ìwọ lo tò ó báyìí?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n Sátidé ni mo..."

"Ó dára gan-an. Kò sí àbùkù kankan." Ó ti ìwé kejì síwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ wà ní ipò tó yẹ, pé Zinsu tó ń ṣọ́ ìkòkò sùn lẹ́nu iṣẹ́, àìbìkítà rẹ̀ ló sì fa jàǹbá náà. "Ẹni tó mọ ẹ̀rọ ló yẹ kó fọwọ́ sí i. Bí kì í bá ṣe ẹni tó kú ló fà á, a ó wá ẹni tó wà láàyè. Bíba dúkìá ìjọba jẹ́, ìwọ náà mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é láyé ìsinsìnyí."

Gbádégẹṣin rántí Sùnmọ́nù. Ó rántí ìyàwó Sùnmọ́nù àti abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó délé, ó rò ó fún Oyèrónkẹ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Kò dá a lẹ́bi, kò sì gbè é lẹ́yìn. "Bàbá Ìtùnú, ọmọ méjì la ní," ló sọ, ó sì ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Nílé-iṣẹ́ náà, àṣà kan wà tó ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ló máa ń gba ipò rẹ̀, bí fáìlì bàbá bá ti mọ́. Dosi ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti jáde ilé-ìwé girama, èsì rẹ̀ dára. Zinsu ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bó bá rẹ òun tán, ọmọ òun á jókòó nínú yàrá kọ̀ǹpútà, kò ní ṣọ́ ìkòkò bí òun. Lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, ọmọbìnrin náà kọ̀wé wá. Moyọ̀sọ́lá, akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì, wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì bi í ní orúkọ bàbá. Ó lọ fa fáìlì Zinsu yọ. Nígbà tó padà dé, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kì í ṣe ìwọ," ó sọ fún un jẹ́jẹ́. "Ìwọ ò ní àbùkù kankan. Bàbá rẹ ni."

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Dosi wá sí Ajara. Gbádégẹṣin ń tún rédíò ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó kọ̀ kò jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n fi ìwé yẹn hàn mí. Mo rí orúkọ yín nísàlẹ̀. Mo sọ fún màámi pé kì í ṣe yín, pé wọ́n fi orúkọ yín sí i ni."

Ó ń wò ó lójú. Gbádégẹṣin yí kókó rédíò náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èmi ni," ó wí.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá mi sùn?"

"Dosi, ìwé ni wọ́n gbé fún mi. Ayé tá a wà yìí, ìwọ náà..."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sùn nílé," ọmọ náà ní. Kò gbé ohùn sókè. "Tó bá dùbúlẹ̀, á tún dìde. Màámi ní kí ló ń ṣe é, ó ní Enjiníà ní kóun má gbójú kúrò, pé ẹ fọkàn tán òun. Inú rẹ̀ dùn sí i."

Ó tún kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kúnlẹ̀ fún àgbà, ó dágbére, ó lọ. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbọ́ pé ó ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, ó lọ bá àǹtí ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó ń bá àwọn ará ibẹ̀ fọṣọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Gbádégẹṣin kò lè jẹun ọ̀sán nílé-iṣẹ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bó ṣe ń wúwo tó lọ́wọ́ ẹni tó gbé e padà sílé. Ó mú ìwé ọmọ rẹ̀ kan tó ṣì ní ewé funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó kọ ọ́, ó fà á ya, ó tún un kọ. Odindi oṣù méjì ló fi ṣe é. Nígbà tó parí, ojú ewé mẹ́ta ni, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀: géèjì, méje, mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tí Zinsu sọ nínú pikọ́ọ̀pù, Sátidé, ìwé Mejọ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì sí i. Lókè rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Sí Ìdílé Olóògbé Zinsu, Imeke.

Ó gbé e lọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan. Ìyá Dosi jókòó sábẹ́ igi àgbọn ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń hun ẹní. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, Ègùn ló fi ń ronú, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń dúró díẹ̀ kó tó jáde. Kò kọ̀ ọ́. Ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Gbádégẹṣin kò lè mu ún. Ó sọ pé òun mú ìwé wá, ó ní òun á kà á. Ìyá Dosi gbé ẹní sílẹ̀.

Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń fi Yorùbá tó rọrùn ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ń lọ, níbi tí kò bá yé obìnrin náà, á tún un sọ. Nígbà tó dé ibi tí Zinsu ti ní òun kò sùn, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dúró títí ó fi lè kà á. Ojú Ìyá Dosi gbẹ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó yí i wò ní iwájú àti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá nǹkan, ó wá fi ìka kan orúkọ tó wà lókè pátápátá.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Ìdílé yín ni mo kọ ọ́ sí."

Ó ro ìyẹn díẹ̀. "Ti àkọ́kọ́ tó o fọwọ́ sí, ta lo kọ ọ́ sí?"

"Ilé-iṣẹ́."

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tún un ká, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Gbádégẹṣin padà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka ọkùnrin náà dé lórí ìwé náà.

"Enjiníà," ó wí, "àwa kọ́ la ní ó sùn."

Ó mú ẹní rẹ̀, ó ń hun ún lọ. Gbádégẹṣin jókòó díẹ̀ sí i, nígbà tó rí i pé kò tún ní sọ̀rọ̀, ó dìde, ó fi ìwé náà sápò, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti Imeke padà sí Ajara. Lójú ọ̀nà, ó pinnu pé òun á gbé e fún Mejọ̀ ní Mọ́ńdè. Ní Mọ́ńdè, ó dé ẹnu kọ́rídọ̀, ó rí Mejọ̀ tó tẹríba sórí bàtà, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Fáìlì Zinsu wà nínú àwọn ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.